Ẹni Tó Kó Ère Jọ àti Ẹni Tó Fi Ère Dókòwò: Ìtàn Iṣẹ́ Ọnà Ọ̀sì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tó ń kó ère jọ nítorí ìfẹ́ kò bá ẹni tó ń rà á pamọ́ de ọjọ́ tí yóò wọ́n pàdé níbì kankan. Ìtàn ẹkùn Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara fi hàn pé wọ́n pàdé: làálàá ẹni àkọ́kọ́ ni èrè ẹnìkejì dúró lé. Aréògún ará Ọ̀sì, tó kú ní àárín àwọn ọdún 1950, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère ọdún Ẹpa. Bámigbóyè, tó gbáyé títí di 1975, ṣe bákan náà ní agbègbè Odò-Ọwá. Àwọn ará ìlú ló ń bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, wọ́n sì mọ ẹni tó gbẹ́ èwo.

Bí ère bá ti kúrò nílùú, ìmọ̀ yìí kì í sábà bá a lọ, àyàfi bí ẹnìkan bá béèrè. Fádà Kevin Carroll béèrè. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọnà tí ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947; George Bándélé, ọmọ Aréògún, gbẹ́gi níbẹ̀, ó sì kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ níṣẹ́. Carroll kọ orúkọ àwọn agbẹ́gilére àti ọ̀gá tó kọ́ wọn sínú ìwé tó gbé jáde ní 1967. Ní 2022, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì Yale ṣe àfihàn ńlá fún Bámigbóyè nìkan. Ta ni ìbá ṣe irú rẹ̀ fún ère tí a kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ?

Àwọn kan á ní owó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pé Aréògún pàápàá ń gba owó iṣẹ́, àti pé ikán ni ìbá jẹ àwọn ère tí oníṣòwò kò rà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó tí ìlú san mú kí agbẹ́gilére gbẹ́ òmíràn. Owó tí a san fún ère tí a jí gbé kò kan agbẹ́gilére rárá. Òfin ọdún 1979 pẹ̀lú kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgbàṣẹ, nítorí náà ère tí kò ní ìtàn lè di ẹrù tí kò ṣeé tà ní gbangba. Ẹni tó bá fẹ́ jèrè gan-an, ìṣe olùfẹ́ ọnà ni kó kọ́kọ́ kọ́: kó kọ orúkọ agbẹ́gilére, ìlú rẹ̀ àti ìdí tí wọ́n fi gbẹ́ ère náà sílẹ̀, kó tó kọ iye tó rà á.