Ìlù Ìgboro Bahia àti Àwọn Ànàgó Abidjan

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní àwọn ọjà ìlú Abidjan, pàápàá jù lọ ní Treichville àti Adjamé, Anango ni orúkọ tí àwọn onílé fi ń pe Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń pè bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọmọ Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí òwò gbé dé etí ọ̀sà Ébrié láti ìgbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Ní òdìkejì òkun, ní Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl, Nagô ni wọ́n ń pe àwọn ẹrú tó ti ilẹ̀ Yorùbá wá, Nagô náà sì ni orúkọ tí a fi mọ àwọn ilé òrìṣà wọn di òní. Orúkọ kan ṣoṣo ni méjèèjì. Láti ọ̀dọ̀ àwọn Ànàgó tó wà ní ẹkùn Ìpókíá àti ààlà Benin ló ti ṣẹ̀, kí àwọn Fọ̀n tó fi í pe gbogbo Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìlù ìgboro àwọn ará Bràsíl fi máa ń wọ ọmọ Yorùbá lára, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa jó kí ó tó mọ ohun tó ń gbọ́, orúkọ yìí ló yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àwọn ọkọ̀ ẹrú kò kọ orin sínú ìwé ẹrù wọn. Ẹ̀rí tó kù wà nínú ọ̀rọ̀. Àwọn ará Bahia ń pe irin olórí méjì tí wọ́n ń lù ní agogô. Wọ́n ń pe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní xequerê. Ìró ìlù kan wà tí wọ́n ń pè ní ijexá, orúkọ àwọn Ìjẹ̀ṣà gan-an. Ẹgbẹ́ eléré tó ń fi ìró yìí wọ́de nígbà ọdún kànífà ni wọ́n ń pè ní afoxé, tó ti inú ọ̀rọ̀ náà àfọ̀ṣẹ wá. Olórí àwọn onílù nínú ilé òrìṣà ni alabê, ọ̀rọ̀ tó bá alágbè wa mu.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìfẹ́ ilé mú onímọ̀ fọ́jú. Ìlù mẹ́ta inú ilé òrìṣà Bahia, rum, rumpi àti lê, ọ̀nà èdè Fọ̀n ni orúkọ wọn gbà wọlé, kì í ṣe Yorùbá. Atabaque tí wọ́n fi ń pe gbogbo wọn pọ̀ wá láti inú èdè Lárúbáwá, ó sì gba ọwọ́ àwọn Potogí kọjá. Àwọn onímọ̀ púpọ̀ gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Angola àti Kongo ni samba fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀. Surdo, ìlù ńlá tó ń dún bí ìgbà tí àyà ń lù kìkì, ọ̀rọ̀ Potogí ni, adití ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ìlù ìgboro Bràsíl kì í ṣe ọmọ bàbá kan. Ọmọ àgbájọ ni, tí ìyà pa pọ̀.

Ìtàn ìyà náà ṣe kedere. Ní òru 24 sí 25 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1835, àwọn ẹrú àti òmìnira Mùsùlùmí, tí Nagô pọ̀ jù nínú wọn, dìde ogun ní Salvador. Wọ́n ṣẹ́gun wọn. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan ní pàṣán, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ padà sí Áfíríkà. Láti ìgbà náà títí kọjá 1888 tí Bràsíl fòpin sí oko ẹrú, ọkọ̀ ń kó àwọn apadàbọ̀ dé Ouidah, Agoué, Porto-Novo àti Èkó. Àwọn ni a mọ̀ sí Àgùdà. Wọ́n tẹ̀dó sí àgbègbè Campos ní Erékùṣù Èkó, wọ́n mọ bíríkì, wọ́n kọ́lé alárà, wọ́n sì mú eré ìgboro wọn dání. Èkó ń ṣe kàrétà títí di òní. Ní Porto-Novo, eégún bouriyan ń jáde ní oṣù Ṣẹẹrẹ nígbà ọdún Olúwa Wa ti Bonfim. Ìlù pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin tí Èkó ń pè ní sámbà wọ inú orin àsíkò, ó sì gba ibẹ̀ wọ jùjú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jó sí i kò mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ti la òkun kọjá lẹ́ẹ̀mejì.

Bí àwọn kan ti ń padà wálé, àwọn tó kù ní Bahia ń jà fún ẹ̀tọ́ àtilu ìlù ní gbangba. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹgbẹ́ bíi Embaixada Africana àti Pândegos da África ń fi aṣọ àti ìlù Áfíríkà wọ́de ní kànífà. Ní 1905, àwọn aláṣẹ fòfin de irú ìwọ́de bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ó ń ba ojú ìlú jẹ́. Títí di 1976 ni ilé òrìṣà ní láti gba ìyọ̀ǹda ọlọ́pàá kí wọ́n tó ṣọdún. Síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté dá Filhos de Gandhy sílẹ̀ ní 1949, wọ́n sì gbé ìró ìjẹ̀ṣà padà sí títì. Ní 1974, ní àdúgbò Curuzu, wọ́n dá Ilê Aiyê sílẹ̀, orúkọ tí ọmọ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ fún. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde ní 1975, ìwé ìròyìn bú wọn pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n. Olodum tẹ̀lé e ní 1979, wọ́n gé orúkọ wọn láti ara Olódùmarè. Ibẹ̀ ni Neguinho do Samba ti da samba pọ̀ mọ́ régè, ìró tí ayé gbọ́ nínú àwo orin Paul Simon ní 1990 àti nínú fídíò Michael Jackson ní 1996.

Bí wọ́n ṣe ń lù ú kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ ìyáàlù àti omele. Surdo ni ó ń di ilẹ̀ mú. Caixa ń sọ wẹ́wẹ́ láàárín. Repique ń pè, gbogbo ìlù yòókù a sì jẹ́ ẹ. Pípè àti jíjẹ́ yìí ni ó ń mú ẹsẹ̀ jó kí ọpọlọ tó béèrè ibi tí ìlù ti wá.

Abidjan mọ ohun tí ìjọba ń ṣe fún ìlù tó bá ń sọ̀rọ̀. Djidji Ayôkwé, ìlù onígi àwọn Atchan tí ayé ń pè ní Ébrié, gùn ju mítà mẹ́ta lọ, ó sì tẹ̀wọ̀n tó kílógíráàmù 430. Òun ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún abúlé pé àwọn Faransé ń bọ̀ wá mú ènìyàn fún iṣẹ́ àṣefipáṣe. Ní 1916, wọ́n gbà á. Ní 1929, wọ́n gbé e lọ sí Faransé. Ọdún 2025 ni àwọn aṣòfin ibẹ̀ tó ṣòfin kí ó lè padà sílé. Ìlù náà dákẹ́ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ṣùgbọ́n títì kò dákẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Abidjan ń lu wôyô níbi eré ìdárayá ilé ìwé, pẹ̀lú ìlù, ìgò àti àtẹ́wọ́. Ní nǹkan bí 1990, ní ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ Yopougon, zouglou ti inú rẹ̀ jáde, ó ń ké ìnira àwọn ọ̀dọ́ síta. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn láti Bahia. Ẹni tí kò ní gbọ̀ngàn ni títì ń di gbọ̀ngàn fún.

Èrò méjì ló wọ́pọ̀ nípa ìfẹ́ yìí. Àwọn kan ní ìgbádùn ohun àjèjì ni. Àwọn mìíràn ní tiwa ló kàn padà wálé. Ìtàn kò gbè lẹ́yìn ọ̀kankan. Ohun tó lọ kọ́ ni ohun tó bọ̀: àwọn Fọ̀n, àwọn Kongo àti àwọn Potogí ti fọwọ́ kàn án, àwọn ọlọ́pàá ti lé e, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté sì ti gbà á là. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ kò jalè, kò sì jogún lásán. Ẹjọ́ tó kù wà nílé. Àwọn ará Bahia tí wọ́n sọ èdè nù di ìró Ìjẹ̀ṣà mú lábẹ́ òfin tó lòdì sí i. Ọmọ Ànàgó tí kò sí òfin lọ́rùn rẹ̀, yálà ní Iléṣà, ní Èjìgbò tàbí ní Abidjan, ni ó kù tí yóò dáhùn bí òun ṣì mọ̀ ọ́n lù.