Bí A Ṣe Ń Wọn Iṣẹ́ Ìwádìí Àwọn Olùkọ́ Ìmọ̀ Ilé-Ìkàwé

Ìbàdàn, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ilé-ìkàwé sílẹ̀ sí ní ọdún 1959, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ àjọ Carnegie ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń kọ́ni ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì kì í ṣe olùkọ́ nìkan. Olùwádìí ni wọ́n pẹ̀lú. Iṣẹ́ ìwádìí wọn wà lára ohun tí a ń wò kí wọ́n tó gba ìgbéga. Ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń gbà wọ̀n ọ́n.

Iye iṣẹ́ tí a tẹ̀ jáde

A máa ń ka ìwé, orí ìwé àti àpilẹ̀kọ inú jọ́nà. Bí ènìyàn mẹ́rin bá jọ kọ àpilẹ̀kọ kan, àwọn kan yóò kà á sí odidi iṣẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn yóò pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ sọ èyí tó ń lò kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀.

Iye ìtọ́kasí

Èyí ni iye ìgbà tí àwọn olùwádìí mìíràn tọ́ka sí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2005, Jorge Hirsch gbé òdiwọ̀n tí a ń pè ní h-index kalẹ̀. Bí olùkọ́ kan bá ní àpilẹ̀kọ 10, tí 4 nínú wọn ní ìtọ́kasí 4, ó kéré tán, níkọ̀ọ̀kan, tí ìyókù kò sì ní ju 4 lọ, 4 ni h-index rẹ̀. Òdiwọ̀n yìí kì í dínkù. Nítorí náà, kò tọ́ láti fi olùkọ́ tuntun wé ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ibi tí òdiwọ̀n kù sí

Ọ̀pọ̀ jọ́nà ilẹ̀ Nàìjíríà ni kò sí nínú àkójọ Scopus tàbí Web of Science. Google Scholar gbòòrò jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò rẹ̀ kò le tó tiwọn. African Journals Online, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1998, ń kó àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ. Bí olùkọ́ kan bá ṣe ìwádìí lórí ilé-ìkàwé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ṣakí, jọ́nà ilé lè jẹ́ ibi tí àwọn tó nílò rẹ̀ yóò ti kà á. Bí a bá ka ti òkèèrè nìkan, àwọn olùkọ́ yóò máa sá fún ìṣòro àdúgbò wa, àwọn ọmọ wa ni yóò sì pàdánù.

Ìkéde San Francisco ti ọdún 2012 rọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ láti yẹ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ wò, kí wọ́n má ṣe fi òkìkí jọ́nà dá olùwádìí lẹ́jọ́. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí: iye iṣẹ́, ìtọ́kasí àti àǹfààní fún ará ìlú ni kí a jọ gbé yẹ̀wò.