Láti Inú Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Sí Ara Ènìyàn: Ọnà Mùsùlùmí Nínú Aṣọ Ìgbàlódé

Ìbéèrè tó bí iṣẹ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí aránṣọ ìgbàlódé bá dúró níwájú ohun ọnà Mùsùlùmí nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ni ó ń rí, kí sì ni ojú rẹ̀ ń fò? Àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà àti olùkọ́ aṣọ rírán sábà máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ da àwòrán kọ láti inú ìwé. Àdàkọ bẹ́ẹ̀ ní ìwúlò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín fi hàn pé kì í ṣe ohun tó rọrùn tó bí a ti ń rò.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ohun tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú aṣọ Mùsùlùmí ayé àtijọ́ tó wà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kì í ṣe odindi aṣọ. Àkísà ni. Ẹ jẹ́ kí a mú aṣọ tí wọ́n ń pè ní tiraz, èyí tí wọ́n ń kọ orúkọ kálífà àti àdúrà sí. Inú ibojì ni wọ́n ti hú ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ jáde ní Íjíbítì. Àwọn oníṣòwò a gé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, wọn a sì da ìyókù aṣọ nù, nítorí pé ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni owó wà. Ẹni tó bá wo irú èyí nínú gíláàsì lónìí yóò rí lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò ní rí èjìká tàbí apá tí lẹ́tà náà ti wà rí. (Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìró tó jọra so tiraz mọ́ tírà ilẹ̀ wa, ìró nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.) Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ ní ààfin Topkapı ní Istanbul, èyí tó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1924. Bí ọba Ottoman bá wàjà, wọn a di aṣọ rẹ̀, wọn a kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ìdí nìyí tí odindi káfútánì fi pọ̀ níbẹ̀ títí di òní.

Nínú àwọn aránṣọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Mariano Fortuny ni a kà sí pàtàkì jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú Granada ní Sípéènì, níbi tí àwọn ọba Mùsùlùmí ti jọba títí di 1492, ni wọ́n ti bí i ní 1871. Ayàwòrán ni bàbá rẹ̀, ó sì ń kó ìkòkò àti ohun èlò àwọn Mùsùlùmí Sípéènì jọ. Bàbá náà kú ní 1874. Ìyá rẹ̀, Cecilia de Madrazo, kò dáwọ́ kíkó aṣọ àtijọ́ jọ dúró. Kí Fortuny tó mọ ohun tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń jẹ́, inú irú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ní 1889 wọ́n kó lọ sí Venice, ìlú tí àwọn ahunṣọ rẹ̀ àti ti Bursa ní Tọ́kì ti ń wo ọwọ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Òwú onírin ni àwọn ahunṣọ Ottoman máa ń hun mọ́ àrán, aṣọ náà a sì wúwo. Fortuny kò hun ún. Òun àti Henriette Negrin, tó di ìyàwó rẹ̀ ní 1924, ń po ẹ̀tù irin mọ́ àwọ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sórí àrán àti sẹ́dà, ojú aṣọ a sì máa dán bí ẹni pé wọ́n fi wúrà hun ún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwòrán nìkan ni ó mú. Ó mú bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ pẹ̀lú: aṣọ gbọọrọ tí kò fún ìbàdí mọ́, tí èjìká nìkan gbé dúró. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń gé agbádá yóò tètè lóye èyí. Ní àkókò tí obìnrin Yúróòpù ṣì ń fi aṣọ líle de ikùn, ìyípadà ńlá ni. Lójú tiwa, ibí yìí ni Fortuny ti ju Paul Poiret lọ, ẹni tó ṣe àríyá Ẹgbẹ̀rún Òru ní Paris ní 1911; inú àlọ́ àti eré orí ìtàgé ni Poiret ti ń mú tirẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kù. Fortuny gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí aṣọ Delphos rẹ̀ ní 1909, kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí etí ìwé náà pé Henriette ló ni iṣẹ́ ọ̀hún. Ahunṣọ Bursa ní tirẹ̀ kò ní ẹni tí yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí etí ìwé kankan.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, ilé aránṣọ Chanel pàtẹ aṣọ ní Paris. Mẹ́ta nínú aṣọ tí Karl Lagerfeld gbé kalẹ̀ ní ọ̀rọ̀ Lárúbáwá lára. Ẹsẹ̀ Kùránì ni. Lagerfeld ṣàlàyé pé inú ìwé kan lórí Taj Mahal ni òun ti rí i, òun sì rò pé ewì ìfẹ́ ni. A lè rí bí àṣìṣe náà ṣe wáyé: gbogbo ayé ló mọ Taj Mahal sí ibojì tí ọba Shah Jahan kọ́ fún ìyàwó rẹ̀ tó kú ní 1631, ìfẹ́ sì ni wọ́n fi ń túmọ̀ ohun gbogbo tó wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kùránì ni wọ́n kọ yí ẹnu ọ̀nà ibojì náà ká. Àwọn àgbà ààfáà ní Indonéṣíà fi ẹ̀hónú hàn, Chanel sì tọrọ àforíjì, ó pa àwọn aṣọ náà run.

Kò yẹ kí a torí èyí sọ pé Mùsùlùmí kì í kọ Kùránì sára aṣọ. Ẹ̀wù kan wà ní Topkapı tí wọ́n ṣe fún Cem, ọmọ ọba Mehmed Kejì. Ọdún 1477 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní 1480. Ẹsẹ̀ Kùránì àti òǹkà ló kún ara rẹ̀. Ẹ̀wù ààbò ni, abẹ́ aṣọ mìíràn ni wọ́n sì ń wọ irú rẹ̀ sí. Àwa tí a mọ bí wọ́n ṣe ń fi awọ bo tírà kí wọ́n tó so ó mọ́ra kò nílò àlàyé gígùn. Ọ̀rọ̀ mímọ́ lè wà lára ènìyàn, àmọ́ kì í ṣe fún ìwòran. Ohun tí Lagerfeld ṣaláìní ni ẹni tí yóò ka ohun tó ń dà kọ fún un, èyí tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó kúnjú òṣùwọ̀n máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ohun ọnà rẹ̀.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ibẹ̀ ló ra ẹní Ardabil ti ilẹ̀ Páṣíà ní 1893, lẹ́yìn tí William Morris, ayàwòrán aṣọ, ti jẹ́rìí sí i. Ní 2009 ó dá Ẹ̀bùn Jameel sílẹ̀ fún àwọn ayàwòrán àti oníṣẹ́ ọnà òde òní tí ọnà Mùsùlùmí ń tọ́ sọ́nà. Ní 2013, fún ìgbà àkọ́kọ́, ó bọ́ sọ́wọ́ aránṣọ: Ece àti Ayşe Ege, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ọmọ Tọ́kì tó ni ilé aránṣọ Dice Kayek, gba pọ́ùn 25,000 fún àwọn aṣọ tí wọ́n pè ní Istanbul Contrast. Nínú wọn ni èyí tí ìṣẹ́po rẹ̀ ń ránni létí òrùlé ribiti àwọn mọ́sálásí Istanbul. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá lẹ́tà tàbí òdòdó tí yóò dà kọ lára rẹ̀ yóò pẹ́ níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ká aṣọ náà ni kó wò.