Ìtàn ìfojúkojú nínú yíyan agbábọ́ọ̀lù: Ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó gbára lé e

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi máa ń díwọ̀n èyí tó ń bọ̀. Láti Ìjọra Badia, Ìjọra Olóyè àti Àpápá títí dé Ajégúnlẹ̀, níbi tí ìfẹ́ bọ́ọ̀lù ti wọ tọmọdé tàgbà lára, ọgbọ́n yìí náà làwọn tó ń yan agbábọ́ọ̀lù sínú ìdíje fantasy àtàwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ń lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ti kóra jọ sílé ìwòran, ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé, 'Lágbájá kì í ṣàì jẹ góòlù lára ẹgbẹ́ yìí,' tàbí kí ẹlòmíì sọ pé, 'Aṣọ́lé yẹn, èèwọ̀ rẹ̀ ni.'

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí atamátàsé kan pàdé aṣọ́lé tàbí ẹgbẹ́ kan lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn tó ohun téèyàn ń gbára lé láti yàn án lónìí? Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lásán, àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò ṣọ́ owó rẹ̀ ná.

BÍ ÌDÍJE FANTASY ṢE RÍ

Nínú ìdíje fantasy ti líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ èyí táwọn èèyàn mọ̀ jù ní Nàìjíríà, agbábọ́ọ̀lù 15 lẹni tó ń kópa máa ń yàn. Wọ́n á fún un ní mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn tí kì í ṣe owó gidi pé kó fi ra aṣọ́lé 2, agbẹ́yìn 5, ọmọ àárín 5 àti atamátàsé 3, kò sì gbọdọ̀ mú ju mẹ́ta lọ nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Bí atamátàsé rẹ̀ bá gbá góòlù wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ gidi, máàkì 4 ni. Ti ọmọ àárín jẹ́ 5, ti agbẹ́yìn sì jẹ́ 6. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíì tó fi wọlé yóò gba 3. Ẹni téèyàn bá fi ṣe balógun, ìlọ́po méjì ni máàkì tirẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni ìdíje náà fúnra rẹ̀, àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ àtàwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ sábà máa ń dá owó jọ láàrin ara wọn, tí ẹni tó bá gbégbá orókè yóò sì kó o lọ. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní tiwọn, fantasy ojoojúmọ́ ti di òwò ńlá. Iléeṣẹ́ FanDuel bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009, DraftKings sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2012. Níbẹ̀, owó gidi lèèyàn fi ń wọlé, ìdíje sì lè parí lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

IBI TÍ ÀRÍYÀNJIYÀN NÁÀ TI GBÓNÁ JÙ

Eré baseball, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń fi igi gbá, ni ọ̀rọ̀ ìfojúkojú yìí ti fìdí múlẹ̀ jù. Nínú eré yìí, ẹnì kan ni yóò ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan ni yóò sì dúró tigi-tigi láti gbá a. Nítorí pé àwọn méjèèjì nìkan ló dojú kọ ara wọn lásìkò náà, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pàdé ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Bí ìwé àkọsílẹ̀ bá wá fi hàn pé onígi kan ti gbá bọ́ọ̀lù abọ́ọ̀lù-jù kan dáadáa lẹ́ẹ̀marùn-ún nínú ìgbà mẹ́wàá, àwọn tó ń yan èèyàn á sáré mú un.

Àmọ́ nínú ìwé The Book: Playing the Percentages in Baseball, tó jáde lọ́dún 2006, Tom Tango, Mitchel Lichtman àti Andrew Dolphin yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìpàdé díẹ̀ láàrin èèyàn méjì kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá tún pàdé. Bí onígi náà ṣe ń ṣe sí gbogbo èèyàn, àti ọwọ́ tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ń lò, bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì, wúlò ju ìtàn àwọn méjèèjì lọ.

Ìdí rẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ ká mú onígi kan tó jẹ́ pé lẹ́ẹ̀mẹta nínú mẹ́wàá ló máa ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, ẹni yòówù kó jù ú sí i. Bí irú rẹ̀ bá pàdé 100 abọ́ọ̀lù-jù, tó sì pàdé ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹwàá, nǹkan bíi 15 nínú wọn ni yóò dà bí ẹni pé ó ti gbá lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí agbára pàtàkì kankan tó ní lórí àwọn 15 yìí o. Bí nǹkan ṣe máa ń bọ́ síra ni.

ỌMỌ AJÉGÚNLẸ̀ ÀTI LIVERPOOL

Kò yẹ kó jẹ́ Amẹ́ríkà nìkan la ti máa wá àpẹẹrẹ. Odion Ighalo, tó dàgbà sí Ajégúnlẹ̀, fúnra rẹ̀ jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Lọ́dún 2015 sí 2016, góòlù 15 ló gbá wọlé fún Watford nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ 20, oṣù Kejìlá, ọdún 2015, Watford na Liverpool ní góòlù mẹ́ta sí òdo, Ighalo ló sì gbá méjì nínú wọn. Lóṣù náà, òun ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ nínú líìgì.

Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìtàn ìfojúkojú nìkan yóò sọ pé Liverpool ti di oúnjẹ Ighalo nìyẹn. Nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì sì tún pàdé lọ́jọ́ 8, oṣù Karùn-ún, ọdún 2016, Liverpool borí pẹ̀lú góòlù méjì sí òdo. Watford kò gbá ẹyọ kan wọlé. Lóṣù Kọkànlá, ọdún 2016, Liverpool tún fi mẹ́fà sí ẹyọ kan lù wọ́n bolẹ̀, Daryl Janmaat ló sì gbá ẹyọ kan náà wọlé fún Watford. Góòlù kan ṣoṣo ni Ighalo gbá wọlé nínú líìgì sáà yẹn kó tó lọ sí Ṣáínà lóṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2017.

Kì í ṣe pé ọmọ náà kò mọ bọ́ọ̀lù gbá mọ́. Olùkọ́ni Watford ti yí padà, Liverpool náà kì í ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lábẹ́ Jürgen Klopp, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lóṣù Kẹwàá, ọdún 2015. Orúkọ ẹgbẹ́ àti àwọ̀ aṣọ ni kò yí padà, àwọn èèyàn sì rò pé orúkọ ló ń gbá bọ́ọ̀lù.

MESSI ÀTI ENYEAMA

Àpẹẹrẹ kejì tilẹ̀ tún sún mọ́ ti baseball, torí pé atamátàsé kan àti aṣọ́lé kan ni. Lọ́jọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 2010, ní pápá Ellis Park tó wà ní Johannesburg, Ajẹntínà na Nàìjíríà ní góòlù kan sí òdo nínú ìdíje ife àgbáyé. Gabriel Heinze ló gbá góòlù náà wọlé. Ní ti Lionel Messi, gbogbo bọ́ọ̀lù tó gbá síwájú ilé ni Vincent Enyeama ń gbá dànù, débi pé Enyeama ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n na ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 25, oṣù Kẹfà, ọdún 2014, àwọn méjèèjì tún pàdé ní Porto Alegre, lórílẹ̀-èdè Brazil. Kí ni ìtàn ì bá sọ? Pé Enyeama ni èèwọ̀ Messi. Àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni Messi lò tó fi gbá ti àkọ́kọ́ wọlé, ó sì tún fi ìkejì kún un kí abala àkọ́kọ́ tó parí. Ahmed Musa gbá méjì wọlé fún Nàìjíríà, Marcos Rojo sì gbá ìkẹta fún Ajẹntínà, tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ fi parí sí mẹ́ta sí méjì.

Àwọn kan yóò sọ pé, ó dáa, bí ti èèyàn méjì kò bá ṣeé gbára lé, ti orílẹ̀-èdè méjì ńkọ́? Lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Nàìjíríà pàdé Ajẹntínà nínú ife àgbáyé, lọ́dún 1994, 2002, 2010, 2014 àti 2018, góòlù kan ṣoṣo ni Ajẹntínà sì fi ń borí nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà yìí kan náà ló na Ajẹntínà ní mẹ́ta sí méjì nínú àṣekágbá Òlíńpíìkì ọdún 1996. Ó tún nà wọ́n ní mẹ́rin sí ẹyọ kan l'Abuja lọ́dún 2011, àti mẹ́rin sí méjì ní Krasnodar, nílẹ̀ Rọ́ṣíà, lóṣù Kọkànlá, ọdún 2017. Èyí tó bá wu èèyàn ló lè mú nínú ìtàn. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

ÌṢIRÒ TÓ YẸ KÍ GBOGBO ÈÈYÀN MỌ̀

Ẹ jẹ́ ká wo atamátàsé kan tó máa ń gbá góòlù wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan nínú mẹ́ta, láìka ẹgbẹ́ tó bá pàdé sí. Ẹgbẹ́ 20 ló wà nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà, ẹgbẹ́ 19 ni yóò máa kojú. Bó bá ti pàdé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹgbẹ́ bíi méjì ni yóò ti gbá góòlù sáwọ̀n wọn nínú ìpàdé mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ bíi méjì mìíràn yóò sì wà tí kò ní í gbá nǹkan kan sáwọ̀n wọn rárá. Àwọn méjì àkọ́kọ́ làwọn èèyàn yóò máa pè ní oníbàárà rẹ̀, wọ́n á sì máa pe àwọn méjì kejì ní èèwọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ agbára kan náà ló ń lò fún gbogbo wọn.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ẹgbẹ́ méjì ń pàdé nínú líìgì lọ́dún, èyí túmọ̀ sí pé ọdún mẹ́ta gbáko ni ìpàdé mẹ́fà yóò gbà. Láàrin ọdún mẹ́ta, olùkọ́ni á lọ, aṣọ́lé á yí padà, agbẹ́yìn á dàgbà, ẹsẹ̀ á sì dun atamátàsé náà. Ìgbà tí ìtàn bá fi máa gùn tó, àwọn tó ṣe é ti lè tú ká.

KÌ Í ṢE Ọ̀KAN NÁÀ PẸ̀LÚ BABA ÌJẸ̀BÚ

Ó yẹ ká ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára nọ́ńbà tí wọ́n ń ta ní ìsọ̀ Baba Ìjẹ̀bú. Níbẹ̀, nọ́ńbà márùn-ún ni wọ́n ń mú jáde nínú 90, àwọn kan sì máa ń jókòó ti ìwé èsì àtijọ́ láti wá èyí tó 'yẹ kó jáde'. Nọ́ńbà kò ní iyè nínú, kò mọ èyí tó jáde lánàá. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà méjì, ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí 400 ni àǹfààní tó ní. Bí wọ́n bá ń san 240 náírà fún náírà kan, a jẹ́ pé nǹkan bí 60 náírà ló ń padà wá nínú 100 náírà, téèyàn bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ tó sì pín in. Ìwé èsì kankan kò lè yí ìyẹn padà.

Agbábọ́ọ̀lù yàtọ̀, nítorí pé èèyàn ni. Ó lè kọ́ ọgbọ́n, ẹ̀rù lè bà á, ó sì lè mọ ibi tí agbẹ́yìn kan kù sí. Nítorí náà, ìtàn ìfojúkojú lè ní ìtumọ̀ díẹ̀, àmọ́ ìtumọ̀ náà kéré sí iye táwọn èèyàn ń gbé lé e.

OHUN TÓ YẸ KÉÈYÀN KỌ́KỌ́ WÒ

Àkọ́kọ́ ni bóyá agbábọ́ọ̀lù náà máa wọlé rárá, àti iye ìṣẹ́jú tó ṣeé ṣe kó lò. Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kò lè gbá góòlù wọlé, bó ti wù kí ìtàn rẹ̀ dùn tó. Ìkejì ni bóyá òun ló ń gbá pẹnáritì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìkẹta ni iye ìgbà tó ń rí ojú ilé gbá sí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, torí pé ìyẹn máa ń fara hàn kí góòlù tó fara hàn. Ìkẹrin ni bí ẹgbẹ́ tó fẹ́ kojú ṣe ń jẹ góòlù lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́ mìíràn, kì í ṣe lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé gbogbo èyí yẹ̀ wò ni ìtàn ìfojúkojú tó lè dá sí i. Bí agbábọ́ọ̀lù méjì bá dọ́gba nínú ohun gbogbo, kò burú kéèyàn mú èyí tó ti ṣe dáadáa rí. Bí ìdí pàtó bá sì wà, bíi pé agbẹ́yìn kan náà tí kò lè sáré ló tún máa ṣọ́ ẹni tó yára, ìtàn náà ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Ṣùgbọ́n kéèyàn má ṣe kà á lẹ́ẹ̀mejì: góòlù tó gbá sáwọ̀n ẹgbẹ́ yẹn ti wà nínú gbogbo góòlù tí wọ́n ti kà fún un tẹ́lẹ̀.

Àwọn iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà ń ka ìtàn yìí. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ti wà nínú iye tí wọ́n ní àwọn máa san, nítorí náà, kò sí èrè àkànṣe nínú rẹ̀ fẹ́ni tó gbọ́ ọ nílé ìwòran. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ ta tẹ́tẹ́ rárá. Ẹni tó bá sì dàgbà tó, owó tí kò ní í dí oúnjẹ, owó ilé àti owó iléèwé ọmọ lọ́wọ́ nìkan ló yẹ kó fi ṣeré. Owó oṣù tí wọ́n fi òógùn ojú wá ní èbúté Àpápá kì í ṣe ohun téèyàn ń gbé lé orí ìpàdé mẹ́ta tó ti kọjá. Àná lè fi ọ̀nà hanni lóòótọ́, kò lè báni rìn ín.