Àwọn Kòkòrò Inú Wàrà Kíkan àti Ìlera Ara

Ẹ̀yin ará mi, bí a bá ti dárúkọ kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, àrùn ni ọkàn wa máa nlọ sí. Ṣùgbọ́n li ọdún 1857, Louis Pasteur fi hàn ní ilẹ̀ Faransé pé ohun alààyè kékeré ni ó nmú wàrà kan. Láti ìgbà náà li ọ̀nà ti ṣí sí ìmọ̀ mìíràn, pé nínú àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí, ọ̀tá wà, ọ̀rẹ́ sì wà.

Élie Metchnikoff, tí ó nṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Pasteur ní Paris, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí gbogbo aiyé. Li ọdún 1907 ó kọ ọ́ sínú ìwé pé májèlé tí àwọn kòkòrò búburú nṣe nínú ìfun ńlá ni ó nmú ènìà tètè gbó, àti pé wàrà kíkan tí àwọn ará Bulgaria nmu lè dá a dúró. Òun tìkára rẹ̀ mu ún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kú li ọdún 1916, li ẹni ọdún 71.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àyẹ̀wò dé. Li ọdún 1921, Leo Rettger àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yale fi hàn pé kòkòrò wàrà Bulgaria kì í fi ìfun ènìà ṣe ibùgbé. Nítorí náà li àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe yíjú sí àwọn tí ó bá ara ènìà mu. Ní ilẹ̀ Japan, Minoru Shirota yan ọ̀kan li ọdún 1930. Li ọdún 1935 a bẹ̀rẹ̀ sí tà á bí ohun mímu.

Ní ilẹ̀ India, a ṣe àyẹ̀wò kan lára ọmọ-ọwọ́ tí ó ju 4,500 lọ, a sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde li ọdún 2017. Nínú àwọn tí a kò fún ní kòkòrò rere, àrùn tí nba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ tàbí ikú bá 9 nínú 100. Láàrin àwọn tí a fún, ó dín sí 5.4. Ṣùgbọ́n li ọdún 2018, irú mìíràn kò ran àwọn ọmọ tí inú nṣu lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà.

Kí ni èyí kọ́ wa? Pé olúkúlùkù irú li ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Lactobacillus plantarum, irú èyí tí a lò ní India, mbẹ nínú ògì wa pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n iná tí a fi nse ẹ̀kọ a máa pa á, omi ògì kò sì jẹ́ oògùn tí a ti wọ̀n. Kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ nṣàìsàn má ṣe gbẹ́kẹ̀lé e, kí ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Metchnikoff rí ilẹ̀kùn; àwọn tí ó dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò ni ó fi ohun tí mbẹ nínú ilé hàn wá.