Ojú Pọ́n, Ìtọ̀ Pọ́n: Ìgbẹ́ Ọmọ Ńkọ́?

Àwọn baba wa kì í sọ nǹkan lórúkọ lásán. Wọ́n wo aláìsàn kan, wọ́n rí i pé ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ, wọ́n wo ìtọ̀ rẹ̀, òun náà pọ́n ròkìròkì, ni wọ́n bá pe àìsàn náà ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Orúkọ náà bá a mu. Dókítà tó jókòó sí yunifásítì fún ọdún gbọọrọ, ohun méjì yìí náà ni yóò kọ́kọ́ wò. Ṣùgbọ́n ohun kẹta wà tí orúkọ náà kò dá, òun ni mo sì fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ lóṣù yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má di imú o. Ìgbẹ́ ọmọ jòjòló ni.

Ní àdúgbò wa níbí, láti Bajulaiye títí wọ Bàrígà, bí wọ́n bá bímọ tí ojú rẹ̀ pọ́n, àmọ̀ràn kì í wọ́n. Ìyá àgbà ní kí wọ́n gbé e sí oòrùn àárọ̀. Aládùúgbò ní òun mọ ẹni tó ń ta àgbo. Ẹlẹ́kẹta ní omi gúlúkóòsì ni kí wọ́n máa fún un. Èmi kò bú ẹnikẹ́ni nínú wọn, nítorí ọ̀rọ̀ oòrùn yẹn ní ìdí. Ní nǹkan bí ọdún 1956, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Jean Ward, ní ọ̀sìbítù Rochford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kan ara àwọn ọmọ tí òun ń gbé síta kì í pọ́n tó ibi tí aṣọ bò. Láti ibẹ̀ ni iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tan sí ọmọ lọ́sìbítù ti bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó níbí pàápàá, ní Island Maternity, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2015: wọ́n ta aṣọ kan tó ń sẹ́ ooru àti ìtànṣán burúkú kúrò lára oòrùn, wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ sábẹ́ rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ bí iná ọ̀sìbítù. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni kí a kàn tẹ́ ọmọ síwájú ilé.

Pípọ́n tí a ń sọ yìí, ti ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun ń fọ́ kánkán, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì tíì lágbára láti kó pàǹtírí rẹ̀ dànù. Ó tún burú fún àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD tó. Láàrin àwa Yorùbá, nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún ló rí bẹ́ẹ̀, káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ sì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú wọn yángá. Bí ó bá le, láàrin ọjọ́ mélòó kan ó lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ọ̀sìbítù ni kí ẹ sáré lọ.

Ṣùgbọ́n pípọ́n mìíràn wà tí oòrùn kò ràn, tí iná búlúù kò ràn, tí àgbo kò sì ràn. Kì í sáré. Ọmọ á ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, ojú á ṣì máa pọ́n, ọmọ á sì máa mu ọyàn, á máa sanra, á máa rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀. Ta ló fẹ́ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà? Àrékérekè àìsàn náà nìyẹn.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òrónro, omi kíkorò aláwọ̀ ewé tí alápatà ń ṣọ́ra kó má bẹ́ sára ẹran. Ojú ọ̀nà tín-ín-rín kan ló ń gbé e wọ ìfun, òun ló sì ń pa ìgbẹ́ wa láró. Àwọn ọmọ kan wà tí ojú ọ̀nà yìí dí pátápátá láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n dé ayé. Òrónro kò rí ọ̀nà jáde, ó padà sẹ́yìn, ó ń jẹ ẹ̀dọ̀ lára títí ẹ̀dọ̀ á fi le gbandi. Nítorí pé kò dé inú ìfun, ìgbẹ́ ọmọ á funfun bí ẹfun tàbí bí ẹ̀kọ tútù. Ojú pọ́n, ìtọ̀ pọ́n débi pé ó ń pa nápíkìn láró, ìgbẹ́ wá funfun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ara ọmọ ké. Orúkọ tí a fún àìsàn náà gbọ́ méjì.

Àwọn òyìnbó náà pẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ní ọdún 1892, John Thomson, dókítà kan ní Edinburgh, kó ìròyìn irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ jọ, ìròyìn òkú ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1928, William Ladd ní Boston fi hàn pé iṣẹ́ abẹ lè gba díẹ̀ là, àwọn tí ojú ọ̀nà wọn ṣì kù díẹ̀. Àwọn tó kù ńkọ́? Wọ́n á di inú ọmọ padà ni, ọ̀pọ̀ kì í sì í pé ọdún méjì.

Ìgbà tó di ọdún 1955 ni ohun ìyanu kan ṣẹlẹ̀ ní ìlú Sendai ní Japan. Dókítà Morio Kasai ṣí inú ọmọ ọjọ́ 72 kan. Wọ́n ń sọ pé kò rí ọ̀nà òrónro kankan, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde níbi tó gé lábẹ́ ẹ̀dọ̀, ni ó bá fa ìfun bo ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ìgbẹ́ ọmọ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀! Àṣé àwọn ihò kéékèèké tí ojú kò rí ṣì ń sun òrónro lábẹ́ ẹ̀dọ̀. Kasai sọ ọ́ di iṣẹ́ abẹ gidi, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní èdè Japan ní ọdún 1959. Ní ọdún 1968 ni ó tó kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ yìí ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é kí ọmọ tó pé 60 ọjọ́, ìrètí pọ̀. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni àwọn ihò wọ̀nyẹn ń dí. Kò tilẹ̀ wo àìsàn náà tán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni yóò tún nílò ẹ̀dọ̀ mìíràn lọ́jọ́ iwájú. Ó kàn ra àkókò fún wọn ni, ọdún gidi sì ni àkókò náà.

Ẹ̀dọ̀ mìíràn kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 1963, ní Denver ní Amẹ́ríkà, Thomas Starzl yọ ẹ̀dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta kan tí àìsàn yìí ń ṣe, ó fẹ́ fi ti òkú rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò dá, ọmọ náà kú lórí tábìlì. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, wọn kò pẹ́ láyé. Starzl dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀. Ọdún 1967 ni ọmọdébìnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì tó lo ohun tó lé ní ọdún kan lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn tí oògùn cyclosporine dé, tí Roy Calne kọ́kọ́ lò fún ènìyàn ní Cambridge ní ọdún 1978, ara bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀dọ̀ àlejò. Nígbà tó di ọdún 1983, àwọn àgbà dókítà pàdé ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní iṣẹ́ náà ti kúrò ní ìdánwò.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí ni ti àwọn òbí. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà tóbi ju inú ọmọ lọ, òkú ọmọdé kò sì pọ̀ tó. Silvano Raia ní São Paulo gbìyànjú ní ọdún 1988 láti bu díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ alààyè fún ọmọ. Ọmọ náà kò pẹ́. Ní ọdún 1989, ìyá kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀ láti Japan lọ bá Russell Strong ní Brisbane ní Australia. Wọ́n gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ ìyá, wọ́n fi sí ọmọ, àwọn méjèèjì yè. Ẹ̀dọ̀ tí a gé sì ń hù padà! Ìyá tó bímọ lẹ́ẹ̀kan tún wá fún un ní ìyè lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀sìbítù St Nicholas ní Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín, ní ọdún 2000. Ti ẹ̀dọ̀ ọmọdé, India ni ọ̀pọ̀ òbí ń gbé ọmọ wọn lọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọrọ owó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti lórí rédíò. Owó ilé ni. Àwọn dókítà wa ò yéé kọ ọ́ pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́rin, ìgbà tí ọ̀nà Kasai ti ń dí.

Báwo ni àwọn mìíràn ṣe ń tètè mọ̀? Káàdì ni. Ní Taiwan, láti ọdún 2004, wọ́n fi káàdì kan sínú ìwé ìlera gbogbo ọmọ tuntun. Àwòrán ìgbẹ́ ló wà lórí rẹ̀: àwọ̀ tó dára lápá kan, àwọ̀ tó léwu lápá kejì. Ìyá á fi ti ọmọ rẹ̀ wé e. Láàrin ọdún 2004 sí 2005, àwọn ọmọ tó rí iṣẹ́ abẹ gbà kí wọ́n tó pé 60 ọjọ́ kúrò ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n di 74. Japan náà fi sínú ìwé ìyá àti ọmọ ní ọdún 2012.

Ẹ má sì sọ pé nǹkan òyìnbó tàbí ti ará Éṣíà ni kí ìyá máa fi káàdì ṣọ́ ọmọ. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nítòsí Iléṣà, ní àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà ọmọdé ní ọ̀sìbítù Wesley Guild, ló ṣe káàdì ìwọ̀n ọmọ tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú nílé. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá Ìjẹ̀ṣà ló ti dán an wò, ibẹ̀ ló sì ti tàn ká ayé. Bí ìyá oko lè ka ìlà tó ń gòkè lórí ìwé nígbà náà, ìyá Ṣómólú lè ka àwọ̀.

Ta ni yóò tẹ̀ ẹ́? Ẹ dákun, ta ni kò mọ Ṣómólú mọ́ ìwé títẹ̀? Kálẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, pósítà olóṣèlú, ìwé ètò ìsìnkú: láti Bajulaiye dé Shipeolu, ariwo ẹ̀rọ kì í dákẹ́. Ohun kan ló nira nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ń tẹ̀wé mọ̀ pé íńkì yẹ́lò kì í jókòó síbi kan. Bí ẹ̀rọ bá gbóná, bí bébà bá yàtọ̀, àwọ̀ á yí. Lórí kálẹ́ńdà, kò ba nǹkan jẹ́. Lórí káàdì yìí, bí yẹ́lò bá fi díẹ̀ pọ̀ jù lójú àwòrán tó léwu, ìyá tí ìgbẹ́ ọmọ rẹ̀ funfun á rò pé kò bá a mu, á sì ká aṣọ nù. Nítorí náà, àwòṣe kan ṣoṣo tí àwọn dókítà fọwọ́ sí ni ó gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n máa fi wé e.

Títí káàdì náà yóò fi dé, ojúmọmọ ni kí ẹ ti máa wo nápíkìn, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ pupa. Bí ọmọ bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí ojú rẹ̀ ṣì pọ́n, tí ìgbẹ́ sì funfun, ẹ gbé nápíkìn náà dání lọ sọ́sìbítù, kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń ya bilirubin sí oríṣi méjì, kì í ṣe èyí tó ń ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kó tó di 60 ọjọ́ ni o.