Ìwàkiwà Adìyẹ àti Ewúrẹ́ Ẹ̀yìnkùlé ní Ìgbà Òtútù

Ìwàkiwà ìgbà òtútù ni ìjà, fífa ìyẹ́ ara wọn tu, jíjẹ ẹyin àti bíba igi jẹ́ tí adìyẹ àti ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé máa ń gbé wọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí yìnyín ń bò fún oṣù púpọ̀, bí àríwá Amẹ́ríkà àti Kánádà. Òtútù gan-an kọ́ ló sábà ń fà á, bí kò ṣe àtìmọ́lé tí òtútù mú wá: ilé há, ojúmọ́ kúrú, iṣẹ́ tí ẹran ìbá sì fi gbogbo ọjọ́ ṣe níta, ìyẹn fífẹsẹ̀ wa ilẹ̀ àti jíjẹko, ti dáwọ́ dúró.

Adìyẹ, tí ooru ara rẹ̀ tó nǹkan bí 41°C, tí ìyẹ́ sì bò, ń fara da òtútù dáadáa bí ibùsùn rẹ̀ bá gbẹ, tí atẹ́gùn sì ń gba òkè ilé rẹ̀ jáde. Ìyọnu rẹ̀ wà nínú ètò ipò, èyí tí onímọ̀ ará Norway, Thorleif Schjelderup-Ebbe, ṣàlàyé ní nǹkan bí ọdún 1921: adìyẹ tó jẹ́ ọ̀gá a máa fi ẹnu sọ èyí tó kéré sí i, èyí tó kéré a sì sá fún un. Nínú ilé tí a tì, kò síbi tí yóò sá sí. Adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ìyẹ́ kí òtútù tó dé ló wà nínú ewu jù, nítorí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀pá ìyẹ́ tuntun. Bí ẹnu bá kàn án, ẹ̀jẹ̀ a yọ, àwọn tó kù a sì ya bò ó, wọ́n lè sọ ọ́ títí yóò fi kú. Kíá ni kí a yọ èyí tó fara gbọgbẹ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ni kí a fi oúnjẹ tí purotéènì pọ̀ nínú rẹ̀ kún tiwọn, kí a gbé oúnjẹ sí ibi méjì tí ọ̀gá kò lè ṣọ́ pọ̀, kí a fọ́n ọkà sínú èérún pákó tí wọ́n ń tẹ̀, kí a sì fi okùn so odindi kábéèjì rọ̀ kí ẹnu wọn lè rí nǹkan ṣe.

Iná mànàmáná tí àwọn kan ń tàn kí ẹyin má bàa dín kù, títí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ yóò fi tó wákàtí 14 sí 16, gba ìṣọ́ra, nítorí iná tó mọ́lẹ̀ jù ń mú sísọ ara wọn pọ̀ sí i. Ìdájí ló yẹ kí a tàn án. Bí a bá tàn án lálẹ́, tí a sì pa á lójijì, òkùnkùn a ká adìyẹ mọ́lẹ̀ kí ó tó gun igi ìsùn. Ní ti jíjẹ ẹyin, dídì ló sábà ń la ẹyin, adìyẹ tó bá sì ti tọ́ pupa rẹ̀ wò kì í fẹ́ jáwọ́, nítorí náà kí a máa kó ẹyin léraléra.

Oúnjẹ ló sábà ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ewúrẹ́. Koríko gbígbẹ ń pèsè ooru fún wọn bó ṣe ń dà nínú àpòlúkù, ṣùgbọ́n olórí agbo a máa dúró tì í, a sì máa fi ìwo lé àwọn yòókù. Ibi ìjẹun tó ju iye ẹran lọ ló ń pẹ̀tù sí i. Ewúrẹ́ tí kò rí nǹkan jẹ a máa bó èèpo igi eléso, igi tí wọ́n bá sì bó yíká a kú. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fún wọn ní igi Kérésìmesì tí kò ní oògùn lára. Òbúkọ irú Alpine àti Saanen ń gbóná láti gùn bí ojúmọ́ ṣe ń kúrú, kálukú wọn a máa tọ̀ sí irùngbọ̀n ara rẹ̀, wọ́n a sì máa fọ́ ọgbà. Ewúrẹ́ kúkúrú tó ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá, tí wọ́n ń pè ní Nigerian Dwarf ní Amẹ́ríkà, lè gùn nígbàkígbà lọ́dún, nítorí náà yíya akọ sọ́tọ̀ fún un kò ní àsìkò.

Bí ẹran méjèèjì bá jọ ń gbé, oúnjẹ adìyẹ ni kí a ṣọ́ jù. Ewúrẹ́ tó bá jẹ ọkà rẹ̀ yó lè kú, nítorí ọkà púpọ̀ a máa kan nínú àpòlúkù, ásíìdì rẹ̀ a sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kékeré tí adìyẹ nìkan lè gbà ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ewúrẹ́ kúkúrú lè bá ibẹ̀ wọlé.